Nígbà Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Bá Kanlẹ̀kùn: Ọ̀nà Iṣẹ́ fún Olùdámọ̀ràn ní Yunifásítì

Wọ́n ti fi iṣẹ́ olùdámọ̀ràn lé ọ lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ìwọ ni level adviser àwọn ọmọ ọdún kìíní ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín. Ó sì lè jẹ́ ọ́fíìsì Díìnì tó ń bójú tó ọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n gbé ọ sí. Orúkọ ipò náà lè yàtọ̀ láti yunifásítì kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ohun tí yóò máa dé iwájú rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: owó ilé-ìwé tí kò pé, kóòsì tí ẹnì kan ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àìsàn, ikú ìyá tó bọ́ sí àárín ìdánwò, olùkọ́ tí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin kan rímú mí. Orí ìwé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà bí iṣẹ́, ní yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, pàápàá ní ìhà ilẹ̀ Yorùbá.

Fi ohun kan sọ́kàn kí a tó ka irinṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi wọlé kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ tó gbé e wá. Á ní kí o bá òun fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù láti yọ kóòsì kan kúrò. O fọwọ́ sí i tán, kò sì dìde. Ibi tí kò ti dìde yẹn ni iṣẹ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí o nílò

- Yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, tó sì ní fèrèsé tí ẹni tó ń kọjá lè fi rí yín láì gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Bí ẹ bá pọ̀ nínú ọ́fíìsì kan, tọrọ yàrá mìíràn fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, kí o sì lẹ àkókò náà mọ́ ara ilẹ̀kùn.
- Àga méjì tó ga bákan náà. Gbé ti akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ẹni tí a bá gbé ka iwájú tábìlì yóò máa rò pé òun wá jẹ́jọ́ ni.
- Ìwé òfin akẹ́kọ̀ọ́ àti ti ẹ̀ka ìmọ̀ yín, èyí tó dé kẹ́yìn, pẹ̀lú kàlẹ́ńdà ọdún ẹ̀kọ́ tí o ti fi bíírò pupa sàmì sí gbogbo ọjọ́ tí nǹkan ń parí.
- Ìwé àkọsílẹ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ tìrẹ nìkan.
- Nọ́ńbà fóònù tí o kọ sórí bébà: ilé ìwòsàn yunifásítì, awakọ̀ áńbúláǹsì, alábòójútó họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹ̀ṣọ́, bọ́sárì, oníṣègùn ọpọlọ, àlúfáà ṣọ́ọ̀ṣì àti lẹ́mọ́ọ̀mù inú ọgbà. Pe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wò nísinsìnyí tí kò sí wàhálà.
- Ẹ̀rọ ìṣírò, omi mímu, tíṣù, àti nǹkan jíjẹ díẹ̀. Gàrí àti ẹ̀pà tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ inú ọgbà kí àlejò tó dé

Lo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láti fi ẹsẹ̀ rìn. Lọ sí ilé ìwòsàn (ní Yunifásítì Ìbàdàn, Jàájà ni gbogbo ènìyàn ń pè é), lọ sí bọ́sárì, lọ bá akọ̀wé ẹ̀ka ìmọ̀. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, béèrè ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, ìwé tó máa ń gbà, àti ọjọ́ tó máa ń ti ilẹ̀kùn. Ọ̀gá tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn kọ́ ni yóò bá ọ wá fáìlì lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Òṣìṣẹ́ tí o ti kí dáadáa ni.

Lẹ́yìn náà, ka ìwé òfin bí ẹni tí yóò jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀. Mọ iye unit tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù tí ọmọ lè forúkọ sílẹ̀ fún ní sáà kan. Mọ iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ wà ní kíláàsì kó tó lè jókòó ṣe ìdánwò. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè. Mọ ohun tí ẹni tó ṣàìsàn lọ́jọ́ ìdánwò gbọ́dọ̀ ṣe, àti iye ọjọ́ tó ní láti fi ṣe é: ìwé dókítà láti ìta sábà máa ń nílò òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn yunifásítì kó tó níyì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó gbàyè láti dá ẹ̀kọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ àti ẹni tó kàn dákẹ́ tó lọ sílé. Ẹni kejì yìí, ìwé lè kà á sí ẹni tó ti fi yunifásítì sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹ̀kọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ló jẹ́ pé ọpọlọ wọn pé. Ọjọ́ ló kọjá lórí wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́

Kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Kí i, béèrè orúkọ rẹ̀, kí o sì pè é bó ṣe pè é fún ọ. Àwọn ọmọ kéékèèké kò ní yọ ara wọn lẹ́nu pé o lo “o” fún wọn, ṣùgbọ́n ìyálé ilé tó ń ka ìwé alẹ́, tó ti bí ọmọ mẹ́ta, “Ẹ jókòó, mà” ni kí o kí i. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó sì yí sí Yorùbá lójijì, tẹ̀lé e. Ó ti ń sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá wà láàárín wọn pẹ̀lú. Má ṣe jẹ́ kó jókòó ti ìwọ àti akọ̀wé rẹ níbi tí ẹ ti ń sọ èdè tí kò yé e.

Kó tó la ẹnu, sọ ibi tí àṣírí mọ. Sọ ọ́ báyìí: “Ohun tí o bá sọ níbí, àárín wa ló máa wà. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ pé ẹ̀mí rẹ tàbí ti ẹlòmíràn wà nínú ewu, mo gbọ́dọ̀ pe ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́, màá sì kọ́kọ́ sọ fún ọ kí n tó pè é.” Má ṣe fi èyí sílẹ̀ di ìparí. Ẹni tó ti sọ tán kó tó gbọ́ pé o lè pe ẹlòmíràn yóò ka ara rẹ̀ sí ẹni tí o dà, kò sì ní padà wá.

Mọ ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún àti mẹ́tàdínlógún wà ní ọdún kìíní, ọmọdé sì ni wọ́n lójú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003. Ohun tí o lè fi pamọ́ fún ẹni ogún ọdún, o lè má lè fi í pamọ́ fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: gbọ́ ọ dé ìdí

A kọ́ ọmọ Yorùbá pé kó má wo àgbà lójú kòrókòró. Nítorí náà, má ṣe ka ojú tó ń wo ilẹ̀ sí irọ́. Bákan náà, bí o bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ tó sì dáhùn pé “Kò sí nǹkan, mà,” má tíì gbà. Ó ń wò ó bóyá o ní àyè ni. Dákẹ́. Má ṣe wo aago, má ṣe fọwọ́ kan fóònù. Ìdákẹ́jẹ́ yóò ni ọ́ lára ju bó ṣe ń ni òun lára lọ. Fara dà á.

Ìbéèrè kéékèèké ló máa ń ṣílẹ̀kùn. “Kí lo jẹ láàárọ̀?” “Oorun ńkọ́?” “Ta ló tún mọ̀ sí i?” Bí ó bá ní zero-one-zero ni òun ń jẹ, o ti mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni oúnjẹ ń kan ẹnu rẹ̀, ìdí tó fi ń sùn ní kíláàsì sì ti ń hàn. Gbé gàrí síwájú rẹ̀ láì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá ní kò sẹ́ni tó mọ̀, fi ọkàn sí i gidigidi, nítorí ẹni tó ń dá gbé ẹrù wúwo ló sún mọ́ ewu jù.

Nígbà tó bá sọ tán, tún un sọ fún un: “Ohun tí mo gbọ́ ni pé… Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Yóò tún ibi tó wọ́ ṣe fún ọ. Ibi àtúnṣe yìí ni ọ̀rọ̀ kejì, èyí tó gbé e wá, ti sábà máa ń jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí ni yóò bàjẹ́ lónìí?

Má ṣe gbìyànjú láti tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tò ó báyìí: ẹ̀mí ló ṣáájú, ibi tí yóò sùn lálẹ́ yìí ló tẹ̀ lé e, ọjọ́ tí ń parí lọ ló kàn, ìyókù lè dúró. Ká ní ọmọ ọdún kejì kan wá, bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kò tíì san owó, kò tíì forúkọ kóòsì sílẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni ojú ewé ìforúkọsílẹ̀ yóò tì, kò sì sùn láti ọjọ́ mélòó kan. Ikú bàbá ló tóbi jù, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí o lè ṣe sí i lónìí ju kí o bá a kẹ́dùn lọ. Mọ̀ bóyá ó wà láìléwu, lẹ́yìn náà kí ẹ jọ kọ lẹ́tà ìforúkọsílẹ̀ kó tó jáde ní yàrá rẹ. Kó di ọjọ́ Ajé, kí ẹ wá jókòó ti ìyókù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣe ìṣírò lójú rẹ̀

Ẹni tí máàkì rẹ̀ lọ sílẹ̀ kì í fẹ́ wo nọ́ńbà. Ìwọ ni kó o mú ẹ̀rọ ìṣírò. Níbi tí A ti jẹ́ 5, tí B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2, máa sọ iye náà di púpọ̀ pẹ̀lú unit kóòsì kọ̀ọ̀kan, kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí o sì pín in fún àpapọ̀ unit. Ká ní ọmọ kan ti ṣe unit 40, CGPA rẹ̀ jẹ́ 1.20, ààlà ilé-ìwé yín sì jẹ́ 1.50. Ó ti ní máàkì 48. Bí yóò bá ṣe unit 20 ní sáà tó ń bọ̀, 90 ló nílò lórí unit 60, ó ku 42. Bí ó bá gba D nínú gbogbo rẹ̀, 40 ni. C kan péré nínú kóòsì oní-unit méjì yóò gbé e dé ibẹ̀. Ọmọ tó wọlé pẹ̀lú èrò pé ayé òun ti bàjẹ́ yóò rí i pé ohun tó kù kò ju agbára òun lọ. Bí ìṣírò náà bá sì fi hàn pé kò lè dé ibẹ̀ mọ́, sọ fún un lọ́jọ́ náà, kí ẹ jọ wo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn tó lè gbà á. Ìrètí tí kò sí nínú nọ́ńbà, má ṣe fún un.

Ọjọ́ orí tún wọ inú ìṣírò yìí. Ẹni tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè kò ní lè ṣe àgùnbánirọ̀. Ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún un. Ìyẹn kì í ṣe òpin ayé, ṣùgbọ́n ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tó fẹ́ dá ẹ̀kọ́ dúró gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kó tó fọwọ́ sí ìwé.

Ní ti owó, òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ló dá NELFUND sílẹ̀. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún, owó ìgbọ́bùkátà lóṣooṣù sì ń bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò fúnra rẹ̀ béèrè, pẹ̀lú NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB àti nọ́ńbà mátíríìkì rẹ̀. Ibi tó ti ń dí ni kí orúkọ inú ìwé kan má bá ti èkejì mu. Kó gbogbo ìwé náà sórí tábìlì, fi lẹ́tà wé lẹ́tà. Sì jẹ́ kó yé e dáadáa pé gbèsè ni, yóò san án padà lẹ́yìn tó bá ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán tó sì ríṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fà á lé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ́wọ́

“Lọ bá wọn ní ilé ìwòsàn” kò tó. Pe ẹni tí o ń rán an sí níwájú rẹ̀, sọ orúkọ ẹni náà fún un, bí ọ̀rọ̀ bá sì wúwo, bá a rìn débẹ̀. Sọ fún un ohun tí o máa sọ fún wọn, kí o sì gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Àwọn òbí máa ń bẹ̀rù orúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aró àti Yábà, nítorí àwọn ènìyàn ti sọ wọ́n di èébú. Bí o bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí oorun, oúnjẹ àti ìwé tí kò wọlé, kí o tó dárúkọ ilé ìwòsàn kankan. O lè rán wọn létí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, tó dá ìtọ́jú sílẹ̀ ní Aró ní 1954, níbi tí aláìsàn ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní abúlé ìtòsí tó sì ń lọ gba ìtọ́jú ojúmọ́, náà ló di Gíwá Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá ní àdúrà làwọn fẹ́, má ṣe bá àdúrà jà. Bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa gbàdúrà, kí oògùn náà má sì dúró.

Ewu tí kò gbọdọ̀ bá ọ lójijì

Bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá ń tọ́ka sí ikú, tó ń ní “ó ti sú mi” tàbí “wọn ò ní rí mi mọ́,” tàbí tó ń pín ẹrù rẹ̀ fún ọ̀rẹ́, béèrè ní tààrà: “Ṣé ó ti ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí o gba ẹ̀mí ara rẹ?” Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí ẹni tí kò ní i lọ́kàn, ìtura ló sábà máa ń jẹ́ fún ẹni tó ní i. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má ṣe fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kódà láti lọ gbé omi. Ilé ìwòsàn ni kí o kọ́kọ́ pè. Ó ti pẹ́ tí Criminal Code ilẹ̀ wa ti ka ìgbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀, ìbẹ̀rù ọlọ́pàá sì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọmọ; fi dá a lójú pé ìtọ́jú ni ẹ ń lọ gbà. Béèrè ẹni tó fẹ́ràn kó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, pe onítọ̀hún. Ní kí ọ̀rẹ́ tàbí alábòójútó họ́sítẹ́ẹ̀lì kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò ní yàrá rẹ̀. Kí o sì rí i lọ́jọ́ kejì.

Bí wọ́n bá fipá bá akẹ́kọ̀ọ́ lòpọ̀, obìnrin tàbí ọkùnrin, aago ti ń lọ. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ti yá tó ló dára tó. Oògùn tó ń dènà oyún kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ márùn-ún. Gbà á nímọ̀ràn pé kó má tíì wẹ̀, kó má fọ aṣọ tó wọ̀, kó kó o sínú àpò bébà. Ní Èkó, Mirabel Centre tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà ti ń tọ́jú irú wọn lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2013. Má ṣe béèrè ohun tó wọ̀, má sì béèrè ìdí tó fi lọ síbẹ̀. Ẹni tó ti pé ọdún méjìdínlógún ni yóò pinnu bóyá òun fẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí àyè náà má bàa tì mọ́ ọn lójú.

Olùkọ́ tó ń béèrè ìbálòpọ̀ nítorí máàkì jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀rí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́, kó kọ ọjọ́, aago àti ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ní 2018, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ifẹ̀ gba ohùn olùkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo rán olùkọ́ náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Má ṣe gbìyànjú láti “bá wọn parí rẹ̀” nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Bí olùkọ́ náà bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ, gbé ọ̀rọ̀ náà fún olùdámọ̀ràn mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn, má ṣe dá a mú. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n máa rí ọmọ náà kó máa wọ ọ́fíìsì rẹ lójoojúmọ́. Lo fóònù, lo ibòmíràn, kí Díìnì sì mọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí òbí bá dé

Èyí ló ṣòro jù ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀. Bàbá kan wọkọ̀ láti Ṣakí lóru, ó gbé ìwé ìsanwó dání, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ọmọ òun. Gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí, o gbọ́dọ̀ kí i, kí o gbé àga fún un, kí o fún un lómi. Gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn, o kò lè ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ tó ti dàgbà fún un. Méjèèjì ṣeé ṣe pọ̀. Sọ pé: “Bàbá, ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn. Ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ sí i, ká lè jọ jókòó sọ ọ́.” Lọ bá ọmọ náà níta, béèrè ohun tó fẹ́ kí bàbá rẹ̀ mọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ ń fẹ́ kí òbí gbọ́, kò kàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni. Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀, má ṣe purọ́ fún bàbá. Sọ fún un pé, “Ohun tó wà láàárín èmi àti ọmọ yín kì í ṣe tèmi láti sọ,” kí o sì ṣàlàyé ohun tí yunifásítì lè ṣe fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀.

Bí ọmọ bá sọ fún ọ pé inú ilé gan-an ni ewu náà wà, má ṣe pe ilé kí o tó wádìí ẹni tí yóò gbé fóònù.

Àṣìṣe tí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí máa ń ṣe

Ìwàásù ló pọ̀ jù. “Nígbà tiwa, a kì í…” ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́ kíákíá. Ìlérí ló tẹ̀ lé e: má ṣe ní “màá bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, yóò yanjú” nígbà tó jẹ́ pé Sẹ́nétì ló ni ìpinnu. Má ṣe yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láti inú àpò rẹ. Wá owó ìrànwọ́ tó wà, tàbí kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín dá àpò kan sílẹ̀ tí ẹni mẹ́ta ń fọwọ́ sí. Má ṣe máa dáhùn WhatsApp ní aago méjì òru, àfi bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Kọ aago tí o ń dáhùn sí ojú ewé rẹ, kí o sì kọ nọ́ńbà tí wọ́n lè pè lóru sí abẹ́ rẹ̀. Má sì ṣe gbà pé àwọn tó ń wá nìkan ló nílò ọ. Lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan, wo orúkọ àwọn tí kò wá rárá, kí o fi ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́ sí wọn.

Àkọsílẹ̀ àti títẹ̀lé e

Kọ ọjọ́, ohun tó sọ, ohun tí ẹ jọ pinnu, ẹni tí o rán an sí, àti ọjọ́ tí ẹ máa tún ríra. Kọ ohun tí o rí, má kọ ohun tí o fura sí: “kò jẹun lónìí” ṣeé kọ, “ọ̀lẹ ni” kò ṣeé kọ. Kọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà lè ní òun fẹ́ kà á.

Kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó dá, pàápàá bí ẹ bá gbọ́ pé ìyanṣẹ́lódì ń bọ̀, jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ rẹ. Láti 14 oṣù Kejì títí dé 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti ń gba ìtọ́jú nínú ọgbà sì ní láti lọ wá òmíràn nílé. Yọ orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò tíì tán. Gba nọ́ńbà wọn àti ti ẹnì kan tí wọ́n fọkàn tán ní ilé. Bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n fún àwọn tó ń lo oògùn ní ìwé tí wọn yóò fi rí i gbà ní ìlú wọn, kí o sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ yóò pè é.